Ọ̀gá Àgbà Ń Wo Ilé Adákẹ́

Kò sí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tó bàbá mi ládùúgbò wa, bẹ́ẹ̀ bàbá mi kò ríran. Dókítà ló sọ ọ́ fún wa pé ojú méjèèjì ti lọ, kò sì sí oògùn tí yóò dá wọn padà. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a jáde. Ìgbà tí a dé ẹnu géètì ló tó sọ̀rọ̀.

"Èmi àti ìwọ la gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ," ó ní. "Má jẹ́ ká di mẹ́ta."

Onígbàjámọ̀ ni. Àwọn tó kọ́kọ́ fá orí wọn ládùúgbò yìí nígbà tí ìyá wọn ṣì ń pọ̀n wọ́n, òun náà ló ń gé irun wọn títí ó fi hewú. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun, ó fi ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́. Ìyẹn náà ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Tuntun ni gbogbo ayé ń pè é, Ọ̀gá Àgbà sì ni bàbá mi. Láràárọ̀, Ọ̀gá Àgbà á wẹ̀, á wọ ṣáátì tí mo bá ti lọ̀ sílẹ̀ fún un, á sì máa fọwọ́ tọ ògiri lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ń gbafẹ́. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Á jókòó sídìí fèrèsé, á sì máa dá ẹjọ́: ẹjọ́ bọ́ọ̀lù, ẹjọ́ tọkọtaya, ẹjọ́ ẹni tó mọ ọkọ̀ wà jù. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn tó ń jàre.

Òkùnkùn kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Wọ́dà ni èmi àti bàbá mi ń pè é bí kò bá sí nítòsí, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń so mọ́ ìdí, kódà bó bá wà lórí ìrìn àjò. Nílé rẹ̀, bí wọ́n bá ti fọ abọ́ alẹ́ tán ni iná ń kú. Kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Àga tí wọ́n bá fún ọ lọ́jọ́ tó o dé ni wàá máa jókòó lé títí wàá fi lọ. Wọn kì í sì í jiyàn níbẹ̀, torí Wọ́dà ti mọ ìdáhùn kí ìbéèrè tó dé. Ó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọjọ́ tí ojú àbúrò òun bá lọ pátápátá, ọ̀dọ̀ òun ni yóò wá máa gbé. Bàbá mi kò sì tíì sọ pé rárá fún un rí láti kékeré. "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí," ló máa ń kùn sí mi létí. Ṣùgbọ́n bí Wọ́dà bá dé, olórí fúnra rẹ̀ ló ń tẹrí sílẹ̀ fún abẹ.

Èmi náà ń bẹ̀rù. Bí wọ́n bá mú Bàbá lọ, ilé yìí á ku èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ kì í sì í bú èèyàn kó sì tún pa á lẹ́rìn-ín.

Àfi bí eré Ilé Adákẹ́ ṣe dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ṣe é. Àwọn èèyàn mẹ́fà kan tí kò mọra wọn rí jí, wọ́n bá ara wọn nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ọwọ́ nínú. Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti ara ògiri, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá lanu sọ̀rọ̀, omi ẹ̀rọ inú ilé náà yóò dá. Ó tún ní ọ̀kan nínú wọn mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe tì wọ́n mọ́lé. Ohùn náà kò sì padà wá mọ́. Láti ìgbà yẹn, ojú, ìka àti èjìká ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Títí eré á fi parí, ohun tí wàá máa gbọ́ kò ju ìró ẹsẹ̀ àti ìró ṣíbí lọ. Nínú gbogbo eré tó wà láyé, èyí ni bàbá mi, tí kò ríran, ní òun fẹ́ràn.

Ṣọ́ọ̀bù ló fà á. Bí ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í sí níbẹ̀ mọ́. Ta ni ọ̀dàlẹ̀? Ta ló ti ilẹ̀kùn? Adájọ́ ò sì lè jókòó kó má mọ ẹjọ́ tí wọ́n ń rò. Ni Bàbá bá ní kí n máa sọ ohun tí mo bá ń rí fún òun, mo sì gbà.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Kọ́tìnnì ni mo ń rán. Ẹ̀rọ ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń ká a, etí kọ́tìnnì kì í sì í tán. Abẹ́rẹ́ ni ojú mi ń wò. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀, mo gbé ojú sókè fìrí, mo rí ẹnì kan tó ń lọ, mo tún padà sídìí abẹ́rẹ́, mo sì fi orí ara mi parí èyí tó kù. Ẹni méjì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tó ń wò ó.

Obìnrin kan wà nínú eré náà tí èékánná rẹ̀ gùn, Eléèékánná ni gbogbo wa ń pè é. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó jọ oníbàárà mi kan tó máa ń ní búlúù tí mo rán kọ́ ni búlúù tí òun sọ. Nítorí náà, gbogbo ìwà ìkà tó bá sọ sí mi lọ́kàn ni mo ń kó lé e lórí. Alásè kan sì wà níbẹ̀, àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́, tó máa ń bu oúnjẹ tirẹ̀ fún àwọn tó kù. Òun ni ààyò mi. Bó bá tilẹ̀ wúkọ́, mo ń ròyìn ikọ́ náà dáadáa.

"Kí ni Eléèékánná ń ṣe báyìí?" Bàbá á béèrè.

"Ó ń fi èékánná kọ nǹkan sára ògiri."

"Kí ló kọ?"

"Ó fi ẹ̀yìn bò ó, Bàbá. Ẹ ò mọ̀ pé ẹlẹ́tàn ni?"

Kí eré tó parí, ìbéèrè kan wà tí kì í gbàgbé. "Irun wọn ńkọ́? Ẹ̀yìn ọrùn wọn?"

"Ó kún, Bàbá."

"Gbogbo wọn?"

"Irun ti bo gbogbo wọn lọ́rùn." Mi ò gbé orí sókè. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe é, bí èmi náà ṣe ń dé ilé aláìsàn tí mo ń wo bí wọ́n ṣe ká etí kọ́tìnnì wọn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá wọn lẹ́nu àríyànjiyàn. Awakọ̀ takisí kan ló ń bá a fà á. Dírẹ́bà là ń pè é, àràárọ̀ ló sì ń wá fá irùngbọ̀n tí kò hù.

"Ọ̀gá Àgbà, èmi wò ó o," Dírẹ́bà ní. "Obìnrin yẹn ò kọ nǹkan kan sára ògiri. Èékánná ẹ̀ ló ń gé."

"Ó gé e tán ńkọ́?" Bàbá dá a lóhùn. "Lẹ́yìn tó gé e tán, kí ló ṣe? O ti sùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lójú, ẹ ò fi ríran."

Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n da oúnjẹ sílẹ̀. Ọ̀gá Tuntun pa ẹ̀rọ ìgẹrun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi rí i," ó ní. "Ó kọ nǹkan sára ògiri. Bí Ọ̀gá ṣe sọ ọ́ ló rí."

Mo wò ó. Èmi tí mo dá irọ́ náà mọ̀ pé kò rí nǹkan kan. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọkùnrin yìí ti pọ́n ọ̀gá lé ju bó ṣe yẹ lọ, ó fẹ́ẹ́ di ìpọ́nni. Dírẹ́bà náà wo Ọ̀gá Tuntun, ó wo bàbá mi, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò sí níbẹ̀.

"Ó lè jẹ́ pé mo sùn lóòótọ́," ó ní.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiwa ò tilẹ̀ tíì lọ jìnnà tí Wọ́dà fi pè mí lórí fóònù. Ẹnì kan ti rí bàbá mi lójú ọ̀nà, ó sì ti lọ ròyìn fún un.

"Mo gbọ́ pé àbúrò mi ń fọwọ́ tọ ògiri," ó ní.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, Àǹtí."

"Ẹsẹ̀ náà ni mò ń bọ̀ wá wò. Ọjọ́ Àìkú."

Ọjọ́ Àìkú tó sọ yẹn ni Ilé Adákẹ́ máa parí. Bàbá mi sì ti fọ́nnu ní ṣọ́ọ̀bù pé kí gbogbo wọn wá sílé wa wá wò ó, pé òun máa dárúkọ ọ̀dàlẹ̀ náà kí wọ́n tó fi í hàn. Mo ní kó fagi lé e. Ó kọ̀.

"Bó bá jẹ́ pé ìgbẹ̀yìn mi nílé yìí nìyẹn," ó ní, "jẹ́ n mọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn."

Wọ́dà dé pẹ̀lú àpò méjì. Ọ̀kan kún. Ọ̀kan tóbi, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mi ò béèrè ohun tó wà fún. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá Bàbá.

Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọjú sí ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń dún. Ó kí i, ó tẹrí ba.

"Wò mí dáadáa," Wọ́dà ní. "Báwo lo ṣe rí mi?"

Mo di kọ́tìnnì ọwọ́ mi mú pinpin. Bàbá gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń wo fọ́tò.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ ò mà dàgbà sí i rárá."

Obìnrin wo ló máa sọ pé irọ́ lo pa? Wọ́dà tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó jókòó. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ṣì ń wo ojú Bàbá, kì í ṣe pé ó gbà.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Tuntun àti Dírẹ́bà dé. Kálukú gbé àpótí tirẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Wọ́dà, wọ́n jókòó. Eré bẹ̀rẹ̀. Ètò tí èmi ṣe ni pé màá máa bá tẹlifíṣọ̀n jà bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, kí Bàbá lè máa ti ibẹ̀ gbọ́.

"Ẹ wo Eléèékánná tó ń dìde níwájú fèrèsé yẹn," mo bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe ń yọ́ rìn lọ sọ́nà kíṣìnnì. Ìwọ obìnrin yìí, kí lo ń wá nídìí ààrò?"

"Ṣé ìwọ lo ni eré ni?" Wọ́dà béèrè.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ́ kí n dé ẹ̀ẹ̀kẹta.

"Dìde. Lọ sí kíṣìnnì. Ilé tí wọ́n ń wò náà, wọ́n ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìwọ kò pa ẹnu dé ní tìẹ."

Mo wo Bàbá. Kò lè wò mí. Mo dìde, mo kó kọ́tìnnì mi, mo wọ kíṣìnnì, Wọ́dà sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn náà. Ìró ẹsẹ̀ ni mo ń gbọ́. Ìró ṣíbí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohunkóhun. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí ojú bàbá mi ń rí. Ó jókòó láàárín èèyàn, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi sórí kọ́tìnnì oníbàárà.

Mo wá gbọ́ ohùn Ọ̀gá Tuntun, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. "Hẹ̀n-ẹ́n. Eléèékánná ti dé ẹnu ilẹ̀kùn o."

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn?" Dírẹ́bà ní. "Kọ́kọ́rọ́ ni àbí ṣíbí?"

"Ṣíbí ni. Ó ti kì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn báyìí."

"Àwọn tó kù ti sùn."

"Wọ́n ti sùn. Ọmọ ilé ìwé tó wà láàárín wọn nìkan ló lajú."

Wọ́dà ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn bí àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Mo rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó lójú kì í ròyìn fún ẹni tó lójú bẹ́ẹ̀ yẹn. Bàbá mi ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Wọ́n ti mọ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ògiri ọjọ́sí wá yé mi, ojú Ọ̀gá Tuntun sì tì mí láìtíì rí i.

Wọ́dà tún ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹnu yín," ọ̀rọ̀ náà sì dá mọ́ ọn lẹ́nu. "Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn obìnrin yẹn?"

Mo gbọ́ tí àga rẹ̀ sún síwájú.

"Kò rí i," Wọ́dà ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi, ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ o."

Ó ti sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́.

"Ta ni, Àǹtí mi?" Bàbá béèrè.

"Ọkùnrin kan."

"Irú ọkùnrin wo?"

"Ọkùnrin tó wọ aṣọ."

"Gbogbo wọn ló wọ aṣọ," bàbá mi ní. "Àǹtí mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ pe ọmọ mi wọlé. Mi ò ríran mọ́, ẹ̀yin náà ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kó wá purọ́ fún mi bó ṣe máa ń ṣe, tirẹ̀ ló mọ́ mi lára."

Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́dà ló ṣí i, kò wò mí lójú. Mo fi kọ́tìnnì sílẹ̀ nílẹ̀ kíṣìnnì, mo lọ dúró ti àga Bàbá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé ojú sókè, mo wò ó.

"Ta ni?" Bàbá béèrè.

"Alásè ni." Ó dùn mí láti sọ ọ́.

"Ó kọ ẹ̀yìn sí wa?"

"Ó kọ ẹ̀yìn sí wa."

"Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ńkọ́?"

Mo wò ó. Irun ti bo àwọn tó sùn lọ́rùn lóòótọ́, ó rí jágajàga. Ti Alásè kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ó mọ́, Bàbá. Wọ́n fá a nigínnigín. Ìlà rẹ̀ tọ́ bí etí kọ́tìnnì."

Bàbá fi ọwọ́ lu itan. "Òun ni. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láti ọjọ́ yìí wá, níbo ló ti ń rí onígbàjámọ̀? Ó ń jáde. Òun ló ni kọ́kọ́rọ́."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Alásè ki ọwọ́ bọ àpò, tó sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Dírẹ́bà dìde lórí àpótí. Ọ̀gá Tuntun, tó ń gẹ irun láràárọ̀ tó sì lójú méjèèjì, di orí ara rẹ̀ mú. Eléèékánná, tí mo ti bà lórúkọ jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló já kọ́kọ́rọ́ náà gbà, tó sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn. Mo sọ ìyẹn náà fún Bàbá.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ẹ́ nípa ọrùn yẹn," ó ní.

"Mi ò wò ó, Bàbá. Mò ń ká etí kọ́tìnnì."

"Mo mọ̀. Mò ń gbọ́ òwú bó ṣe ń gba inú aṣọ kọjá. Mo kàn rò pé lọ́jọ́ kan, wàá gbé orí sókè."

Dírẹ́bà ló gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú.

"Bí afọ́jú bá ní òun á sọ ọ́ lókò," ó ní, "ó ti fẹsẹ̀ tẹ òkúta kan mọ́lẹ̀ ni." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló bo ẹnu, torí kò sẹ́ni tó tíì pe orúkọ yẹn nínú ilé wa rí. Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà ló sì rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" ó bi wọ́n.

"Ọ̀gá," Ọ̀gá Tuntun ní, "láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ wọlé, ẹ kí àga tí mo sá táwẹ́lì sí. Ẹ tún bi í pé àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Wọ́dà. Ó jókòó, ó fi ìdì kọ́kọ́rọ́ lé itan, ó ń wo àpò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀. Bàbá gbọ́ bó ṣe kú, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ó kọjú síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ ṣeun. Mi ò lọ."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n bí ti ọmọdé. Mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Wọ́dà gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí itan.

"Nílé mi," ó ní nígbẹ̀yìn, "ta ni ì bá máa bá ọ jiyàn?" Ó dìde, ó fọwọ́ lu àga tó dìde lórí rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Màá máa wá wò ọ́ lóṣooṣù. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni lórí àga yìí."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti múra kí n tó jí. Àpò kan ló gbé lọ́wọ́. Ó ju èkejì, èyí tó tóbi, sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Máa kó kọ́tìnnì rẹ sí i," ó ní. "Bó bá di ọjọ́ Àìkú, kí o fa síìpù rẹ̀ pa, kí o gbé orí sókè."

Mo ní mo ti gbọ́.